Títo káàdì GPU púpọ̀ sínú kọ̀ǹpútà kan: ọ̀nà tí iná gbọ́dọ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ wọn láìsí ewu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ńlá dì mú tí wọ́n fi ń to káàdì GPU méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́fà pàápàá, sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. GPU ni káàdì tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà. Torí àwòrán ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹrù rẹ̀ ti kọjá àwòrán. Ilé-iṣẹ́ 3dfx ló kọ́kọ́ sọ títo káàdì méjì pọ̀ di ohun tí ará ilé lè rà lọ́jà, ní ọdún 1998, pẹ̀lú káàdì tí wọ́n pè ní Voodoo2. NVIDIA gbé tirẹ̀ jáde ní ọdún 2004, ó pè é ní SLI. ATI tẹ̀lé e ní ọdún 2005 pẹ̀lú CrossFire. Àwọn tó ń ṣe géèmù ló ń rà á nígbà náà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wa owó Ethereum dé, àwọn yìí sì to káàdì jọ bí ẹni ń to kéréètì ẹyin, títí di ọjọ́ 15, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022, tí Ethereum yí ètò rẹ̀ padà tí káàdì kò sì wúlò níbẹ̀ mọ́. Lóde òní, àwọn tó ń fi Blender ṣe àwòrán onífíìmù, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá tí aráyé ń pè ní AI, ló ń to káàdì pọ̀ jù. Ti géèmù ti lọ sílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ni NVIDIA ti dáwọ́ ètò SLI tuntun dúró fún géèmù.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè kí wọ́n tó ra káàdì kejì ni pé wáàtì mélòó ló yẹ kí páwà páàkì àwọn jẹ́. Páwà páàkì ni àpótí irin inú kọ̀ǹpútà tó ń gba iná fóòtì 230 láti ara ògiri, tó ń sọ ọ́ di fóòtì 12, fóòtì 5 àti fóòtì 3.3 tí ara kọ̀ǹpútà lè gbà. Ìbéèrè náà dára, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ìdajì kejì, tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni jàǹbá ti ń wá, ni ọ̀nà tí iná náà ń gbà kó tó dé inú káàdì. Ẹ̀rọ lè ní páwà páàkì wáàtì 1600 kí orí wáyà rẹ̀ sì yọ́ bí àbẹ́là, nítorí pé ẹni tó tò ó kó ẹrù wáyà méjì lé wáyà kan lórí. Bí táǹkì omi orí òrùlé ti tóbi tó kò sọ pé kí páìpù tín-ín-rín gbé omi púpọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé páìpù kì í gbiná. Wáyà ń gbiná.

Ẹ jẹ́ ká mú òye iná díẹ̀ wá síbí, nítorí òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí a máa sọ. Wáàtì ni iye agbára tí ohun èlò ń lò. Áńpíà ni bí iná ṣe ń ṣàn nínú wáyà tó. Bí ẹ bá fi fóòtì pín wáàtì, áńpíà ni ẹ ó rí. Wáàtì 1000 láti ara ògiri tó jẹ́ fóòtì 230 kò ju áńpíà 4 àti díẹ̀ lọ, bí ti áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wáàtì 1000 yẹn bá di fóòtì 12, áńpíà rẹ̀ di 83. Áńpíà ló ń mú wáyà gbóná, ooru rẹ̀ kì í sì í gòkè ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú rẹ̀: bí áńpíà bá di ìlọ́po méjì, ooru ojú ibi tí irin ti kan irin á di ìlọ́po mẹ́rin, bó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "mo kàn fi díẹ̀ lé e ni" kò mọ ohun tó ń sọ.

Ọ̀nà méjì tí iná ń gbà wọ káàdì

Ọ̀nà kìíní ni ihò gígùn tí a ń ki káàdì bọ̀ lára mọ́dábọ́ọ̀dù, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PCIe. Ìlànà tí wọ́n fi ṣe ihò yìí ni pé káàdì kò gbọ́dọ̀ gba ju wáàtì 75 lọ níbẹ̀, ó sì jẹ́ pé 66 péré nínú rẹ̀ ló lè wá láti ojú fóòtì 12. Ọ̀nà kejì ni wáyà tó ti inú páwà páàkì wá tààrà sí ẹ̀yìn káàdì fúnra rẹ̀. Orí wáyà eléyín mẹ́fà ni a fún ní wáàtì 75, eléyín mẹ́jọ ni a fún ní wáàtì 150. Ìṣirò yìí ló yẹ kí ènìyàn mọ̀ sórí kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ ká fi káàdì kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ má baà rí bí ọ̀rọ̀ inú afẹ́fẹ́. NVIDIA gbé RTX 3090 jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Ìrántí inú rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 24, ìdí sì nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ AI fi ń wá a ní tòkunbọ̀: méjì rẹ̀ á di gígábáìtì 48, owó rẹ̀ kò sì tó ti káàdì tuntun kan tó ní irú ìrántí bẹ́ẹ̀. Káàdì kan ń lo wáàtì 350 bó bá ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Púpọ̀ nínú irú èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn bá NVIDIA ṣe ní ojú méjì tàbí mẹ́ta fún orí wáyà eléyín mẹ́jọ. Bó bá jẹ́ ojú méjì, 150 lọ́nà méjì jẹ́ 300, ẹ fi 75 ti ihò mọ́dábọ́ọ̀dù kún un, ó di 375. Ẹrù tó jẹ́ 350 kò tíì kọjá ọ̀nà tó jẹ́ 375, ìyẹn ni pé ẹni tó ṣe káàdì náà ti ṣe tirẹ̀. Ibi tí àwa tí à ń tò ó ti ń bà á jẹ́ ni wáyà.

Ọ̀pọ̀ páwà páàkì máa ń bá wáyà olórí méjì wá, ìyẹn wáyà kan ṣoṣo tó ti inú páwà páàkì jáde, tó wá la sí méjì ní ìparí rẹ̀. Ẹni tó ń kánjú á fi orí méjèèjì bọ ojú méjèèjì káàdì, kọ̀ǹpútà á tàn, inú rẹ̀ á dùn. Ẹ wo ohun tó ṣe. Nínú wáyà eléyín mẹ́jọ, wáyà mẹ́ta péré ló ń gbé fóòtì 12. Àwọn yòókù ni iná ń gbà padà, tàbí kí káàdì fi mọ̀ irú orí wáyà tí wọ́n kì bọ̀ ọ́. Wáàtì 150 jẹ́ áńpíà 12 àti ààbọ̀. Bí mẹ́ta bá pín in, áńpíà 4 àti díẹ̀ ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí sì rọrùn fún un. Nígbà tí wáyà olórí méjì bá ń gbé wáàtì 300 nìkan, áńpíà 8 àti díẹ̀ ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wáyà mẹ́ta yẹn, ooru ẹnu ibi tí wọ́n ti wọ páwà páàkì á sì di ìlọ́po mẹ́rin. Fún káàdì tí kò ju wáàtì 200 lọ, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí wáyà olórí méjì. Fún káàdì tó jẹ́ 300 sókè, ojú kan, wáyà kan ni. Bí káàdì yín méjì bá ní ojú mẹ́rin lápapọ̀, wáyà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ kà láti inú páwà páàkì. Bí wọn kò bá pé mẹ́rin, páwà páàkì náà kọ́ ni ẹ nílò, iye wáàtì yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sí i lára.

Ọ̀nà ti mọ́dábọ́ọ̀dù náà ní ìṣòro tirẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Wáàtì 66 tí ihò kọ̀ọ̀kan ń fún káàdì kì í bọ́ láti ojú ọ̀run. Láti inú orí wáyà ńlá eléyín 24 tó bọ mọ́dábọ́ọ̀dù ló ti ń wá, wáyà fóòtì 12 tó sì wà nínú mẹ́rìnlélógún yẹn kò ju méjì lọ. Káàdì méjì kò tíì burú, nítorí bí méjèèjì bá gba 66 tán pátá, áńpíà 5 àti ààbọ̀ ló kan wáyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ to káàdì mẹ́rin síbẹ̀, ó di áńpíà 11 lórí wáyà kan, ìyẹn ló sì ń sọ ike orí wáyà náà di dúdú. Nítorí èyí ni àwọn tó ń ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù fún káàdì púpọ̀ fi máa ń fi ojú kan kún un nítòsí àwọn ihò náà, tí a ó fi wáyà mìíràn bọ̀. Àwọn ènìyàn á wò ó, wọn á ní kọ̀ǹpútà ṣáà ń tàn láìsí i, wọn á fi í sílẹ̀ lófo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi wáyà bọ ojú náà.

Àwọn orí wáyà tí kò yẹ ní fífọkàn tán

Igi gàǹgàn-ràn-gàn-ràn má gùn ún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn ni àfikún orí wáyà tó ń sọ SATA di eléyín mẹ́fà. SATA ni orí wáyà pẹlẹbẹ tí a fi ń fún háàdì dísìkì níná. Eyín mẹ́ta ló ń gbé fóòtì 12 nínú rẹ̀, áńpíà 1 àti ààbọ̀ sì ni agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ áńpíà 4 àti ààbọ̀, tó jẹ́ wáàtì 54. Ẹni tó bá fi í bọ ojú eléyín mẹ́fà tó lè béèrè wáàtì 75 ti di ẹrù lé ọmọ kékeré lórí. Irú ewu kan náà ló wà lára pátákó kékeré tí àwọn awakùsà Ethereum fi ń gbé káàdì jìnnà sí mọ́dábọ́ọ̀dù, tó jẹ́ pé òun ló ń fún káàdì ní iná tó yẹ kó wá láti inú ihò. Àwọn kan nínú wọn ní ojú SATA, àwọn mìíràn ní ojú eléyín mẹ́fà. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ti eléyín mẹ́fà ni kẹ́ ẹ rà.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ni orí wáyà tí wọ́n jọra wọn. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ìyẹn CPU, náà ń lo orí wáyà eléyín mẹ́jọ, ó sì jọ ti káàdì bí ìbejì. Ṣùgbọ́n òdìkejì ara wọn ni wọ́n: ibi tí wáyà fóòtì 12 jókòó sí nínú ọ̀kan, ibẹ̀ ni wáyà dúdú tí iná ń gbà padà jókòó sí nínú èkejì. Ti CPU máa ń pín sí mẹ́rin àti mẹ́rin, ti káàdì máa ń pín sí mẹ́fà àti méjì. Wọ́n ti gé eyín wọn lọ́nà tí ọ̀kan kò fi ní wọ ojú èkejì nírọ̀rùn, àmọ́ ẹni tó bá fi agbára tì í lè mú un wọlé, wáyà á sì bíríìjì lójú ẹsẹ̀. Ohun tó bá kọ̀ láti wọlé pẹ̀lú ọwọ́ jẹ́jẹ́, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún un wò.

Èyí tó tẹ̀lé e ti ba káàdì àti háàdì dísìkì jẹ́ ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Àwọn páwà páàkì kan wà tó jẹ́ pé wáyà wọn ṣeé yọ kúrò lára àpótí náà. Orí wáyà tó kọjú sí káàdì ní ìlànà kan tí gbogbo ayé ń tẹ̀lé, ṣùgbọ́n èyí tó kọjú sí àpótí páwà páàkì kò ní. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń tò ó bó ṣe wù ú, ilé-iṣẹ́ kan náà sì lè to ti ẹ̀yà kan yàtọ̀ sí ti ẹ̀yà mìíràn. Wáyà páwà páàkì tó ti kú lè wọ ti tuntun gẹ́gẹ́, kó má fì rárá, kó sì gbé fóòtì 12 lọ síbi tó yẹ kí fóòtì 5 lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ra páwà páàkì tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ gba gbogbo wáyà tó bá a wá. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun ní wáyà mìíràn tó bá a mu nínú àpò, ẹ kí i, kí ẹ kúrò níbẹ̀.

Orí wáyà tuntun tí wọ́n pè ní 12VHPWR dé ní ọdún 2022, ó ní eyín 16, wọ́n sì ní ó lè gbé wáàtì 600 lẹ́ẹ̀kan náà. Káàdì RTX 4090 tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún náà, tó ń lo wáàtì 450, ló kọ́kọ́ mú un gbajúmọ̀, kò sì pẹ́ rárá tí àwọn tó rà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán orí wáyà tó yọ́ han ayé. Ní oṣù kọkànlá, NVIDIA ní ohun tó wọ́pọ̀ nínú ohun tí àwọn rí ni pé wọn kò ti orí wáyà náà wọlé tán. Òótọ́ wà nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n tèmi ni pé ohun èlò tí àṣìṣe kékeré lè sọ di iná kò tíì dára tó. Ẹ wò ó: wáàtì 600 jẹ́ áńpíà 50, eyín mẹ́fà ló sì ń pín in, ó lé ní áńpíà 8 lórí eyín tín-ín-rín kan, nígbà tí eyín ti eléyín mẹ́jọ àtijọ́ ń gbé 4. Ní ọdún 2023 ni wọ́n tún un ṣe, wọ́n pè é ní 12V-2x6: wọ́n gé àwọn eyín kéékèèké tó ń ròyìn kúrú, kí iná ńlá má baà kọjá bí orí wáyà kò bá wọlé dé ìdí. Káàdì RTX 5090 tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2025 ń lo wáàtì 575 lórí ojú yìí. Ẹni tó bá ní irú káàdì bẹ́ẹ̀ méjì, kó ti orí wáyà títí kò fi ní sí àlàfo kankan, kó má sì ṣẹ́ wáyà náà kó tó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 4 jìnnà sí orí rẹ̀.

Páwà páàkì fúnra rẹ̀

Ẹ padà sí ẹ̀rọ wa olókáàdì méjì. Káàdì méjèèjì jẹ́ wáàtì 700. CPU ńlá kan bíi Ryzen 9 5950X lè gba bíi 142. Mọ́dábọ́ọ̀dù, ìrántí, fáànù àti dísìkì, ẹ fún wọn ní 80. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 922. Ṣé páwà páàkì wáàtì 1000 tó nígbà náà? Lórí ìwé, ó tó. Lójú iṣẹ́, kò tó, nítorí pé GPU kì í lo iná bí gílóòbù. Ó lè fò sókè fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kó tó sọ̀ kalẹ̀, RTX 3090 tí a sọ pé ó jẹ́ 350 sì lè kọjá wáàtì 500 lójú fífò bẹ́ẹ̀. Bí méjì bá fò pọ̀, páwà páàkì á rò pé wáyà ti bíríìjì, á pa ara rẹ̀. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà á ní NẸ́PÀ ló fa á, tàbí kí ó lọ ra káàdì mìíràn láìnídìí. Nítorí irú fífò yìí ni Intel ṣe fi sínú ìlànà ATX 3.0 ti ọdún 2022 pé páwà páàkì ńlá tó bá ní orí wáyà tuntun náà gbọ́dọ̀ lè fara da ìlọ́po méjì wáàtì rẹ̀ fún ìdá 1 nínú 10,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Fún káàdì méjì wọ̀nyí, 1200 ni mo fara mọ́ kéré tán, 1600 ló sì fi ọkàn balẹ̀.

Nọ́ńbà ńlá tó wà lára páálí kọ́ ni kẹ́ ẹ wò o. Ẹ yí páwà páàkì padà, kí ẹ ka bébà tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ +12V sí, kí ẹ fi 12 sọ áńpíà ibẹ̀ di púpọ̀. Mo ti rí èyí tí páálí rẹ̀ ń pariwo wáàtì 650, tó jẹ́ pé áńpíà 38 ni ìlà fóòtì 12 rẹ̀, ìyẹn wáàtì 456 péré. Ìyókù wà lójú fóòtì 5 àti 3.3 tí káàdì kò fi bẹ́ẹ̀ lò. Àmì 80 PLUS tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004 ń sọ fún wa bí páwà páàkì kò ṣe fi iná ṣòfò tó. Kò sọ pé ó láàbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olórúkọ Gold tàbí Platinum kì í sábàá jẹ́ ẹrù yẹ̀yẹ́.

Nílẹ̀ wa níbí, ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ tún kan páwà páàkì. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkejà àti àwọn ọjà bíi tirẹ̀ ni wọ́n ti lò ní òkè òkun. Àwọn àtijọ́ inú wọn ní súwíìṣì pupa kékeré kan lẹ́yìn, tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá lè wà lórí 115. Ẹni tó bá ki í bọ iná wa láìyí i sí 230 á gbọ́ ìró tí kò ní gbàgbé, páwà páàkì náà kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ má ṣe tú àpótí náà láti tún un ṣe bí ẹ kì í bá ṣe oníṣẹ́ rẹ̀. Iná tó lé ní fóòtì 300 lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì.

Ọ̀nà kan wà tó dín gbogbo ìyọnu yìí kù tí kò sì ná ènìyàn ní kọ́bọ̀: ẹ pàṣẹ fún káàdì pé kó má lo ju iye kan lọ. Lórí káàdì NVIDIA, àṣẹ náà ni nvidia-smi -pl 280, tí a ó tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó kọ̀ǹpútà. Láti 350 sí 280, wáàtì 70 ti kúrò lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, 140 lórí méjèèjì, iṣẹ́ tí yóò sì dínkù kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ooru tí yóò lọ. Àṣẹ yìí máa ń parẹ́ bí kọ̀ǹpútà bá kú tó sì tún tàn, nítorí náà ẹ fi í sára ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń tàn. Káàdì AMD náà ní irú rẹ̀ nínú sọ́fítíwíà tó bá a wá.

Bí páwà páàkì kan kò bá tó

Káàdì mẹ́rin sókè sábàá ń béèrè páwà páàkì méjì, èyí sì ṣeé ṣe bí a bá pa àwọn òfin rẹ̀ mọ́. Páwà páàkì kejì kò ní mọ́dábọ́ọ̀dù tí yóò sọ fún un pé kó tàn, torí náà pátákó kékeré kan wà tí wọ́n ń tà, tó máa ń mú kí kejì tàn nígbà tí èkíní bá tàn, kó sì kú nígbà tó bá kú. Ẹ ra èyí. Àwọn kan máa ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so wáyà aláwọ̀ ewé orí eléyín 24 mọ́ dúdú kí ó lè tàn. Ó dára láti fi dán an wò lórí tábìlì, kò dára láti fi lò lójoojúmọ́, nítorí ọ̀kan lè kú kí èkejì ṣì máa fún káàdì níná.

Ẹ má ṣe so wáyà fóòtì 12 ti ọ̀kan pọ̀ mọ́ ti èkejì níbikíbi. Fóòtì wọn kì í dọ́gba dé orí irun, èyí tó ga á máa ti iná bọ inú èyí tó kéré. Gbogbo ojú ẹ̀yìn káàdì kan gbọ́dọ̀ gba iná láti ara páwà páàkì kan náà, bí káàdì náà bá sì wà lórí pátákó tó ní ojú iná tirẹ̀, páwà páàkì yẹn kan náà ni kó fún pátákó náà níná. Kí púlọ́ọ̀gì méjèèjì wà lára ògiri kan náà, kí áàtì wọn lè jẹ́ ọ̀kan.

Láti ara ògiri

Ẹ̀rọ tó ń lo wáàtì 922 nínú lè gba tó 1020 láti ara ògiri, torí pé páwà páàkì náà ń fi díẹ̀ ṣòfò. Sọ́kẹ́ẹ̀tì áńpíà 13 gbé èyí láìmí. Ẹksítẹ́ńṣàn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n tún ki fíríìjì bọ̀ kò lè gbé e pẹ́. Nígbà tí iná bá sì rẹlẹ̀, bó ti máa ń rí ní àdúgbò púpọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà: páwà páàkì òde òní púpọ̀ lè ṣiṣẹ́ láti fóòtì 100 sí 240, ṣùgbọ́n bí fóòtì bá ti ń lọ sílẹ̀ ni áńpíà ń gòkè. Ní fóòtì 160, áńpíà 4 àti ààbọ̀ á di 6 àti ààbọ̀, wáyà ògiri tí kò gbóná tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí "I better pass my neighbour" kò tó wáàtì 1000, ẹ má tilẹ̀ dán an wò. Lára UPS, VA kọ́ ni wáàtì. Èyí tí wọ́n kọ 1500 VA sí lára sábàá jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 900. Ẹni tó ń lo ínfátà, kó rí i pé èyí tí iná rẹ̀ dán bí ti NẸ́PÀ ni, kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ ń gé bí àtẹ̀gùn, nítorí páwà páàkì òde òní lè kọ irú iná bẹ́ẹ̀, kó pa ara rẹ̀ tàbí kó máa kùn. Owó iná náà kò kéré. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A sí náírà 225 fún kílówáàtì kan fún wákàtí kan. Lórí iye yẹn, ẹ̀rọ yìí á jẹ lé ní náírà 2,000 bó bá ṣiṣẹ́ kíkankíkan fún wákàtí mẹ́wàá.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti bọ́ sípò, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kìíní kí ẹ lọ sùn. Ẹ fún káàdì méjèèjì níṣẹ́ tó le pọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ jókòó tì í. Ẹ fi mítà wo fóòtì 12 lẹ́yìn orí wáyà kan tí a kò lò: láti 11.4 sí 12.6 ni ìlànà gbà. Lẹ́yìn èyí, ẹ fọwọ́ kan ike orí wáyà kọ̀ọ̀kan, níhà káàdì àti níhà páwà páàkì. Kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Bí ọwọ́ kò bá lè dúró lé e, ẹ pa á láti ara ògiri. Òórùn ike, àwọ̀ ilẹ̀ lára orí wáyà tó funfun tẹ́lẹ̀, àti kọ̀ǹpútà tó ń kú kìkì nígbà tí káàdì méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, àwọn àmì yìí kò ṣeé fojú fò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tún àwọn orí wáyà náà tì wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ooru ọ̀sán àti òtútù òru máa ń fà wọ́n jáde díẹ̀díẹ̀.